Ṣé Táífọ́ọ̀dù Ni Lóòótọ́? Ohun Tí Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Yín Ń Sọ

Ní Adó-Èkìtì níbí, bóyá ni àìsàn méjì mìíràn wà tí a máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn tó ibà àti táífọ́ọ̀dù. Ara á gbóná lóru, orí á máa fọ́ni, ẹnu á korò, oúnjẹ ò ní wu èèyàn jẹ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó di kẹ́mísìtì tàbí láàbù tó wà létí títì. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, kò ní pẹ́ rárá tí ìwé á fi jáde.

"Màmá, ibà yín plọ́ọ̀sì méjì ni o. Táífọ́ọ̀dù yín náà ti ga, ó ti di 1/160."

"Háà, abájọ tí gbogbo ara ń ro mí. Ẹ bá mi po oògùn rẹ̀ pọ̀, ọmọ mi."

Wọ́n á po oògùn sínú ọ̀rá: ti ibà, ti táífọ́ọ̀dù, ti ìrora, ti ẹ̀jẹ̀. Bí owó bá wà lọ́wọ́, wọ́n á tún fa omi sí Màmá lára. Mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ìwé yẹn sọ àti ohun tí kò sọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ fún pé wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni kò ní in rárá. Àyẹ̀wò tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé kò lágbára tó láti dá ẹjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àìsàn méjèèjì sọ́tọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò ibà ń gbé. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa, tó sì burú jù, ni wọ́n ń pè ní Plasmodium falciparum. Abo ẹ̀fọn kan tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíì, òru ló sì sábà máa ń jẹni. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tó bá jẹni kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Oòrùn kì í fa ibà. Epo pupa kì í fà á, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àṣekára kì í fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè mú kí ara ro èèyàn bí ìgbà tí ibà wà níbẹ̀. Pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń fa ibà ni àwọn àgbà wa sọ fún wa láti kékeré, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré, ṣùgbọ́n láti ọdún 1897 tí Ronald Ross ti rí kòkòrò náà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà ni ọ̀rọ̀ náà ti yanjú.

Táífọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ kò bá ẹ̀fọn tan. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Salmonella Typhi ló ń fà á, ẹnu ló sì ń gbà wọlé. Ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ ẹni tó ní in á dé inú omi tàbí oúnjẹ, ẹlòmíì á mu ún tàbí kó jẹ ẹ́. Ibà kì í di táífọ́ọ̀dù, bó ti wù kó pẹ́ lára tó. Táífọ́ọ̀dù náà kì í di ibà. Ẹnì kan lè kó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ tó bí ìwé láàbù ṣe ń gbé e jáde. Ohun tó ń dani láàmú ni pé ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì jọra: ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀, inú tí kò dùn. Kò sí bí ojú lásán ṣe lè yà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi wà.

Ti ibà ló rọrùn jù, ẹ jẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni ti maikirosíkóòpù: wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, wọ́n á pa á láró, wọ́n á sì máa wá kòkòrò náà lójú ara wọn. Ibẹ̀ ni plọ́ọ̀sì ti wá. Plọ́ọ̀sì kan túmọ̀ sí pé ẹni tó wò ó rí kòkòrò 1 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ibi tó gbé ojú awò náà sí. Plọ́ọ̀sì méjì jẹ́ 11 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún ibi kan náà. Tó bá di mẹ́ta, kòkòrò 1 sí 10 ló ń rí ní ojú ibì kan ṣoṣo. Mẹ́rin túmọ̀ sí pé wọ́n ju 10 lọ ní ojú kan. Nítorí náà plọ́ọ̀sì kan àti plọ́ọ̀sì mẹ́ta jìnnà síra wọn gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní plọ́ọ̀sì kan tí ara rẹ̀ sì ń gbóná gbọ́dọ̀ lo oògùn ibà bákan náà.

Ọ̀nà kejì ni ike pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ ìka sí. Lẹ́tà C àti T ló wà lára rẹ̀. Bí ilà bá yọ níwájú C nìkan, kò sí ibà. Bó bá yọ níwájú méjèèjì, ibà wà. Bí ti C kò bá yọ, àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́, kí wọ́n mú ike tuntun. Ó gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹnikẹ́ni má fi ìkánjú kà á ṣáájú àkókò. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ike yìí. Púrótéènì tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ń wá, púrótéènì ọ̀hún sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò náà ti kú. Ẹni tó lo oògùn ibà pé pérépéré ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn lè tún rí ilà méjì. Kì í ṣe pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Maikirosíkóòpù ló yẹ kí wọ́n fi yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò.

Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo ẹni tí a bá fura pé ó ní ibà, kí a tó fún un lóògùn. Síbẹ̀ ó yẹ kí a rántí pé àgbàlagbà tí ẹ̀fọn Èkìtì ti ń jẹ láti ìgbà ọmọdé lè ní kòkòrò díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn, nítorí ara rẹ̀ ti mọ bó ṣe ń bá a jà. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí ibà lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó lo oògùn tán tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, kí wọ́n wá nǹkan mìíràn tó lè máa ṣe é.

Ó wá kan Widal, ìyẹn àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Dókítà ará Faransé kan, Georges-Fernand Widal, ló gbé àyẹ̀wò náà jáde ní ọdún 1896, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Ìlọsíwájú ńlá ni lásìkò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bakitéríà táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni Widal ń wá. Àwọn èròjà tí ara ń pèsè láti fi bá bakitéríà náà jà ló ń wá. Wọ́n á mú omi aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń yọ sókè bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, wọ́n á kán an sórí gíláàsì, wọ́n á da oògùn àyẹ̀wò tó ní òkú bakitéríà nínú mọ́ ọn, wọ́n á sì máa mì ín. Bó bá ṣù wóróówóró, wọ́n á ní ó wà. Lẹ́tà O tí ẹ ń rí nínú ìwé jẹ́ ti ara bakitéríà náà, H sì jẹ́ ti ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ní ti 1/80, ohun tó ń sọ ni pé wọ́n bu omi là á títí tó fi di ìdá kan nínú 80, síbẹ̀ ó ṣì ṣù. 1/160 túmọ̀ sí pé wọ́n bu omi là á ní ìlọ́po méjì ìyẹn, ó sì ṣì ṣù. Bí iye tó wà nísàlẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni èròjà ìjà náà ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀.

Ọdẹ tó bá rí ipa ẹsẹ̀ ẹran nínú igbó mọ̀ dájú pé nǹkan kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bóyá àná ni, bóyá oṣù tó kọjá ni, bóyá ẹran mìíràn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ tirẹ̀ ló kọjá, ipa ẹsẹ̀ ẹyọ kan kò lè sọ. Ipa ẹsẹ̀ ni Widal ń rí. Ẹni tó ní táífọ́ọ̀dù lọ́dún tó kọjá tí ara rẹ̀ sì ti yá lè ṣì ní èròjà ìjà yẹn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù lè ní in. Àwọn Salmonella mìíràn, tí wọ́n jẹ́ ìbátan ti táífọ́ọ̀dù tí wọn kì í fa táífọ́ọ̀dù, lè mú un jáde. Ibà fúnra rẹ̀ náà lè mú kí Widal ṣù. Ẹ dúró lórí èyí díẹ̀: ẹni tí ibà nìkan ń ṣe lè lọ sí láàbù, kí àyẹ̀wò ibà ní ó wà, kí Widal náà sì ní táífọ́ọ̀dù wà, nígbà tó jẹ́ pé ibà yẹn kan náà ló ń dà á rú. Ọ̀pọ̀ "ibà àti táífọ́ọ̀dù" tí a ń gbọ́ káàkiri Èkìtì ti ibẹ̀ wá.

Ní ibi tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, bí wọ́n bá ṣe Widal fún àwọn tí ara wọn le koko, tí wọ́n ń tajà tí wọ́n ń jẹun, wọ́n á rí 1/80 lára àwọn kan, wọ́n á tilẹ̀ rí 1/160 lára àwọn mìíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń sọ pé "gbogbo wa la ní táífọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀ lára" ti wá. A kò ní in. Ohun tó wà lára wa ni ìrántí ìjà tí ara ti jà rí. Àyẹ̀wò náà sì tún lè tàn wá ní ọ̀nà kejì, nítorí èròjà ìjà yẹn kì í tètè pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó ní táífọ́ọ̀dù gidi lè ṣe Widal kí wọ́n ní kò sí.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa lò ó ni pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ 10 sí 14 láàárín wọn, kí wọ́n wò ó bóyá iye náà ti fi ìlọ́po mẹ́rin gòkè, bíi kó kúrò ní 1/40 kó di 1/160. Ìgbà yẹn la tó lè sọ pé ó dà bíi pé ìjà náà ń lọ lọ́wọ́. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún rí pé ẹ ní táífọ́ọ̀dù, mélòó ni wọ́n pè padà láti wá gba ẹ̀jẹ̀ kejì?

Àwọn tí àánú wọn ń ṣe mí jù ni àwọn tó ń sọ pé táífọ́ọ̀dù àwọn "kò lọ". Wọ́n lo oògùn, ara yá, wọ́n padà lọ ṣe Widal, ó ṣì wà ní 1/160, wọ́n tún ra oògùn mìíràn tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó di oṣù mẹ́ta mẹ́ta tí wọ́n ń "tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù", owó ọjà ń bá a lọ. Èròjà ìjà lè pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Widal kò yẹ fún wíwò bóyá oògùn ti ṣiṣẹ́, kò sì sí ìdí láti máa lo oògùn títí ìwé yóò fi mọ́.

Ẹlòmíì á ní, "Ṣùgbọ́n èmi lo oògùn táífọ́ọ̀dù, ara mi sì yá." Òótọ́ ni, ara yín yá. Ẹ rántí pé oògùn ibà wà nínú ọ̀rá kan náà. Bó bá jẹ́ ibà ló ń ṣe yín, òun ló wò yín sàn. Bó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì kan lásán ni, ara á ti lé e lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oògùn táífọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ nígbà tí ara ń yá, òun ló sì gba ọpẹ́.

Oògùn apakòkòrò tí a ń gbé mì láìnídìí, àwọn bíi ciprofloxacin tí gbogbo wa ń pè ní Cipro, ń kọ́ bakitéríà bó ṣe máa yè é. Ní ìpínlẹ̀ Sindh ní Pakistan, láti ọdún 2016, irú táífọ́ọ̀dù kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà tí ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n mọ̀ kò ràn mọ́. Azithromycin nìkan ló kù lára àwọn oògùn oníkóró tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn abẹ́rẹ́ olówó gọbọi. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ tó ní táífọ́ọ̀dù gidi ló máa jìyà rẹ̀.

Ewu tó tún ju ìyẹn lọ ni pé orúkọ tí kò tọ̀nà máa ń bo àìsàn tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Òtútù àyà lè wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ ojú ara tàbí àpòòtọ̀ ló ní kòkòrò, ó lè jẹ́ ibà Lassa. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí a jọ jẹ́ ọ̀kan náà títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, tí a sì jọ pààlà títí dòní, wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí Lassa ń bá fínra jù ní Nàìjíríà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ń gbé e dé inú oúnjẹ wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ibà lásán. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná tó lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì mẹ́ta tí kò gbọ́, ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà lọ. Bó bá jókòó sílé tó ń gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí ìtọ́jú Lassa ìbá wúlò jù ń lọ lára rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ náà sì wà nínú ewu.

Táífọ́ọ̀dù gidi wà o, ó sì ń pani. Ara gbígbóná rẹ̀ sábà máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kì í lọ kó tún dé bíi ti ibà. Ó ń kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Inú á máa ro aláìsàn, ìgbẹ́ lè dí tàbí kó máa ṣàn, àárẹ̀ á mú un débi pé kò ní lè dìde. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, nígbà tó bá máa tó ọ̀sẹ̀ kẹta ìfun lè lu, iṣẹ́ abẹ kíákíá nìkan ló sì lè gba ẹ̀mí ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí là. Àyẹ̀wò tó ń wá bakitéríà fúnra rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tó ní oúnjẹ bakitéríà, kí wọ́n lè mú kó hù. Blood culture ni àwọn dókítà ń pè é. Ọjọ́ mélòó kan ló ń gbà, owó rẹ̀ ju ti Widal lọ, kò sì ń rí gbogbo ẹni tó ní in, nǹkan bí ìdajì ló sábà máa ń mú. Ṣùgbọ́n bó bá ní ó wà, ó wà. Yóò tún sọ oògùn tó lè pa á. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò kankan ló yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí bí oògùn bá ti wọlé, bakitéríà náà lè má hù mọ́. Ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Adó tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Bí dókítà bá wo aláìsàn tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, kí èsì tó dé, ẹ má bá a jiyàn.

Bí ibà bá ni àyẹ̀wò mú, ẹ lo oògùn rẹ̀ tán. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi kíloróòkúìn sílẹ̀ tó sì gba àwọn oògùn tó ní atẹmisínì nínú. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, artemether-lumefantrine, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ń lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta: ti àkọ́kọ́, èkejì lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà ó di àárọ̀ àti alẹ́ ní ọjọ́ méjì tó kù. Oúnjẹ tó ní ọ̀rá ló yẹ kí ẹ fi tì í, nítorí ọ̀rá ló ń jẹ́ kí ara gba oògùn náà dáadáa. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dára fún un gan-an, epo pupa tí wọ́n ń parọ́ ibà mọ́ sì wà nínú ọbẹ̀ náà. Ní ti àgbo, ewé ni atẹmisínì náà ti wá. Tu Youyou, ọmọ Ṣáínà tó fà á yọ, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Nítorí náà n kò ní kẹ́gàn ewé. Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa ìgò àgbo ni pé ẹni tó ń mu ún kò mọ ìwọ̀n tó wọ inú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá kòkòrò ti kú tán.

Omi ni ká mójú tó bí a bá fẹ́ dènà táífọ́ọ̀dù. Èkìtì ní ìsédò Urèjé, ti Ẹ̀rọ̀ àti ti Ẹ̀gbẹ́, síbẹ̀ kànga àti bòrhóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Kànga tó bá sún mọ́ ṣáláńgá léwu, pàápàá nígbà òjò. Ẹ jẹ́ kí omi mímu hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e sínú ohun tó ní ìdérí. Kí ẹni tó ń gbọ́únjẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé ìgbẹ́, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá pátápátá lè ṣì máa ya bakitéríà náà fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yàtọ̀. Bí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná bá ní gìrì, bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bó bá ń bì gbogbo ohun tó gbé mì, bó bá ń mí lókèlókè, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú, tàbí bó bá ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Abẹ́rẹ́ artesunate wà fún ibà tó bá le tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀mí ọmọ là bó bá tètè dé ibẹ̀. Ẹ má yà sí láàbù fún Widal lójú ọ̀nà.